Olè ń bá ìyá wa sọ Yorùbá, ẹ̀yin ń bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí báńkì wa

Ẹ̀yin olórí báńkì tí ìyá àti bàbá wa ń kó owó pamọ́ sí,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Agbowó, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Alẹ́ṣinlọ́yẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ kì í ṣe tiwọn nìkan, nítorí àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ àti ẹkún lójú kò lóǹkà mọ́. N ò ní dárúkọ báńkì kankan. Gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ọjà ti fẹ́ máa tú. Màmá mi ń ká àǹkárá tí oníbàárà kan tú sílẹ̀ tí kò rà, ni fóònù wọn bá dún. Ohùn ọkùnrin ni. "Ẹ kú ọjà o, mọ́mì. Ẹ kú oòrùn. Ajé á wọgbá o." Wọ́n ṣe àmín. Ó pe orúkọ wọn pé, ó fi orúkọ bàbá wọn tì í. Ó ní báńkì ni òun ti ń pè, pé BVN wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún wọn, kò so mọ́ àkáǹtì wọn dáadáa, pé bí àwọn kò bá tún un ṣe kí aago márùn-ún tó lù, owó wọn yóò há, kò sì ní ṣeé gbà títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá mi wo aago. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ lọ kó ọjà ní Èkó, owó ọjà náà ló sì wà nínú àkáǹtì.

"Ẹ má fòyà, mọ́mì. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí. Ẹ ṣáà kà á sí mi létí."

Wọ́n kà á fún un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra ń kà á bí ẹni ń ṣẹ́ owó sí oníbàárà lọ́wọ́. Ó dúpẹ́. Ó tún ṣàdúrà fún wọn kó tó gé ìpè náà. Kí wọ́n tó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn tán, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ti wọlé: ₦200,000 jáde, ₦150,000 jáde, ₦62,000 jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gba fóònù náà, mo sì jókòó ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé nọ́ńbà mẹ́fà yẹn wá. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: nọ́ńbà náà, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tó ni ín má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ náà. Màmá mi ń ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Wọ́n lè ṣírò owó ogún ìdì aṣọ lórí láì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ní tirẹ̀ kò ní èdè. Bí Yorùbá ṣe ń mọ ojú 7 ni Hausa ń mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni Òyìnbó. Ohun tí olè nílò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, màmá mi lè kà á. Ohun tí ì bá yọ wọ́n, wọn kò lè kà á. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, ibẹ̀ náà ló ń já sí lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ ìyókù. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì wọn. Ẹ̀rọ dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n tẹ 1, kí wọ́n tẹ 2. Wọn kò mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀, wọ́n bá pè mí. Èmi náà pe báńkì láti Agbowó. Wọ́n ní àfi kí a fi nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì náà pè. Mo sáré gun ọ̀kadà, a gba Sáńgò, a gba Mọ́kọ́lá, mo bá màmá mi lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn aláṣọ yí wọn ká, fóònù ṣì wà létí wọn, orin ni ó ń kọ. Aago márùn-ún ti kọjá dáadáa kí ènìyàn tó dáhùn. Ọmọbìnrin kan ni, ẹ̀kọ́ ilé hàn lóhùn rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni àkáǹtì gan-an ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní Yorùbá. Ọmọbìnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe pe orúkọ màmá mi, tó fi ohùn orúkọ náà síbi tó yẹ, mo mọ̀ pé Yorùbá pọ́ńbélé ni. N ò bá a wí. Àṣẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, owó ń rìn. Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ pé láti ọdún 2011 tí ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ ti NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì wa pọ̀, ti bẹ̀rẹ̀, owó kì í sun ojú ọ̀nà mọ́. Yóò wọ àkáǹtì kan, yóò jáde lọ sí òmíràn, yóò pín sí mẹ́rin, ẹnì kan yóò sì gbà á lọ́dọ̀ oní-POS. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tó gbọ́ èdè màmá mi bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, bóyá ₦62,000 ìgbẹ̀yìn yẹn ì bá ṣì wà nílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ta ló ní kí wọ́n máa lo báńkì orí fóònù bí wọn kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n kó náírà àtijọ́ kúrò nílẹ̀ tí tuntun kò sì tó kárí. Oníbàárà kò ní owó lọ́wọ́. Ìyá alátà, ìyá aláṣọ, baba onígàrí, gbogbo wọn ló di ẹni tó ń gba tíráńsífà ní tipátipá, kí ọjà má baà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni èmi fúnra mi kọ́ màmá mi bí wọ́n ṣe ń wo álááàtì. Mo kọ́ wọn bí owó ṣe ń wọlé. N ò kọ́ wọn bó ṣe ń jáde láì bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò kọ́ wọn.

Mi ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ààbò o. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kọ̀ǹpútà ilé wọn wá bá mi, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ. Ẹnì kan ti wọ ìmeèlì wọn, ó sì ti gba ibẹ̀ wọ àkáǹtì tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Wọ́n ní àwọn kò sọ password fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà, mo bá géèmù kan tí ọmọ-ọmọ wọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, irú èyí tí wọ́n ti ja àgádágodo rẹ̀ kí ènìyàn má baà sanwó. Ìwé kékeré kan tẹ̀ lé géèmù náà tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa Defender, ẹ̀ṣọ́ tó bá Windows wá, kí géèmù tó lè wọlé. Ọmọ náà sì pa á. Ohun tó wọlé pẹ̀lú géèmù yẹn kó gbogbo password tí wọ́n ti ní kí Chrome bá wọn tọ́jú, ó tún kó àmì tí ìkànnì fi ń mọ̀ pé ẹni yìí ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní àmì yẹn lọ́wọ́ kò nílò password rárá, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un.

Mo fa kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù mìíràn tó mọ́ la fi pààrọ̀ password ìmeèlì, a lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà la kan sí báńkì, lẹ́yìn náà ni mo pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́, mo sì fi Windows tuntun sí i. Ìmeèlì la kọ́kọ́ mú nítorí òun ni ìyá kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè ní kí gbogbo ìkànnì yòókù fi password tuntun ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún bàbá ní Yorùbá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Géètì ni mo ń tì látàárọ̀, fèrèsé yàrá ló ṣí sílẹ̀." Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti ń ka ìkìlọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn.

Ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi kò ṣòro. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ní àyè tiwọn lórí kọ̀ǹpútà ilé, èyí tí kò láṣẹ láti fi nǹkan tuntun sí i. Ẹ má pa Defender nítorí ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é, nítorí ihò tí olè ń gbà wọlé ló fẹ́ dí. Windows 10, tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn ń rí gbà fún un dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá pè yín pé òun fẹ́ bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọ̀nà jíjìn, tó ní kí ẹ gba AnyDesk tàbí TeamViewer sórí rẹ̀, ó fẹ́ jókòó sí àyè yín ni, kó sì máa tẹ ohun tó bá wù ú. Àwòrán àgádágodo kékeré lókè ìkànnì kò sọ pé olódodo ló ni ibẹ̀. Ó kàn sọ pé ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ẹni náà sọ ni. Olè náà lè ra àgádágodo.

Èyí tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni síìmù. Ẹni tó bá já fóònù gbà ní Dùgbẹ̀ kò wá fóònù nìkan. Yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ inú fóònù tirẹ̀, gbogbo OTP, irú nọ́ńbà mẹ́fà tó wá sórí fóònù màmá mi, yóò sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù tó jí ṣì wà ní títì. Síìmù ní píìnì tirẹ̀, tí kì í ṣe ti fóònù, inú ètò ààbò fóònù ni wọ́n ti ń tàn án. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ síìmù yín ná, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò tì, PUK, nọ́ńbà ìṣí tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ síìmù, ni yóò sì ṣí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ṣe é fún, n ò tíì rí ẹnì kan tó sọ pé báńkì rẹ̀ ti sọ ọ́ fún òun rí.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ni mo ń sọ ní Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, fún alágbàṣe, fún ìyá ọlọ́jà, fún bàbá àgbà. Kò sí èyí tí èdè wa kò lè gbé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ inú OTP wá ní èdè tí oníbàárà bá mú, kó sì ṣáájú nọ́ńbà. Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yín yóò sọ, torí èmi náà ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Wọn yóò ní àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tí a bá ti fi àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ sí i, yóò já sí 70, owó yóò sì lé sí i. Òótọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ láìní àmì nígbà náà: "E ma ka nomba yi fun enikeni. Ole lo n beere re." Kò pé 50. Mo fẹ́ràn àmì èdè wa gidigidi, ó máa ń dùn mí láti rí Yorùbá tí kò ní in, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe ń kà á lórí WhatsApp lójoojúmọ́, wọn yóò sì kà á. Owó álááàtì tí ẹ ń yọ lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ẹ yọ ti èyí mọ́ ọn. A ó san án.

Ẹ tún fi ohùn sí i, nítorí àwọn kan wà tí kò ka Yorùbá náà. Àwọn ilé iṣẹ́ síìmù ti ń bi wá tipẹ́ bóyá Yorùbá, Hausa tàbí Ìgbò la fẹ́ gbọ́ nígbà tí a bá pè wọ́n. Wọn kò lówó jù yín lọ.

Ẹ fún wa ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní London. Láti ọdún 2021 ni nọ́ńbà 159 ti wà níbẹ̀. Ẹni tí ara bá fu sí ìpè kan yóò gé e, yóò tẹ 159, wọn yóò sì so ó pọ̀ mọ́ báńkì tirẹ̀ gan-an. Kò ní máa wá ẹ̀yìn káàdì kiri, kò sì ní lọ wá nọ́ńbà lórí Google, níbi tí olè ti lẹ nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dè é. Bí ìyá mi bá pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà. Ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá wọn, gbogbo ìbéèrè yòókù lè tẹ̀ lé e. Àkáǹtì tí wọ́n ṣèèṣì tì fún wákàtí kan kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀yin tí owó olè sì wọ báńkì yín, mo fẹ́ bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀. Àkáǹtì tí ₦412,000 màmá mi kọ́kọ́ wọ̀ ní orúkọ, ó ní BVN. Láti oṣù kejì ọdún 2014 tí wọ́n ti gbé BVN kalẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìka àti ojú wa so àkáǹtì mọ́ ẹni tó ni ín. Mo sì mọ bí ó ṣe ń lọ ní àgbègbè tèmi: ọmọ tí ebi ń pa yóò yá wọn ní àkáǹtì rẹ̀ nítorí owó kékeré, yóò ní òun kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ní Bìrìtìkó, láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí wọ́n bá tan ènìyàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí gbájúẹ̀, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà fún un, títí dé £85,000, báńkì tó fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á yóò sì pín in san ní ìdajì ìdajì. Ọjọ́ tí ìdajì bá kan báńkì tó gba owó náà, yóò wo ojú ẹni tó ń ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo rò pé a lè ṣe irú òfin yẹn níbí, mo sì ń fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín wà lára àwọn tí yóò béèrè fún un.

Owó màmá mi kò padà. Wọ́n lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé yẹn pẹ̀lú owó ẹ̀yáwó. Fún bí oṣù méjì wọn kò gbé ìpè nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀, oníbàárà tuntun sì ń kọjá lọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún àwọn àbúrò mi, wọ́n ní àwọn ti gọ̀. Màmá mi kò gọ̀. Ẹni tó fi aṣọ títà tọ́ ọmọ mẹ́rin jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga kò gọ̀. Àkáǹtì méjì ni wọ́n ní báyìí: èyí tí owó ọjà wà kò ní káàdì, kò sì ní USSD, kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù láti fi owó ránṣẹ́, èyí tó ní káàdì, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni kì í kọjá nínú rẹ̀.

Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo kí àwọn ìyá bí olè ṣe kí màmá mi gan-an, mo ní ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá, kí wọ́n lè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ aláṣọ pín in káàkiri Alẹ́ṣinlọ́yẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti màmá mi gbé ìpè, ó gbọ́ àdúrà náà, ó gbọ́ BVN, ó sì dá ọkùnrin náà lóhùn pé: "Ohùn yín ti wà lórí WhatsApp wa." Ó gé e.

Bí ẹ bá fẹ́ ohùn náà láti fi sórí ẹ̀rọ ìdáhùn yín, mo fi tọrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún un gbà sílẹ̀ kó mọ́ létí jù báyìí lọ, ṣọ́ọ̀bù mi ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, n ò sì gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ọmọ ìyá aláṣọ Alẹ́ṣinlọ́yẹ́,
Agbowó, Ìbàdàn.